Ràódátù Ń Lé, Kàfáyá Ń Gbè

Ìyá méjì ló wà nílé wa ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò sì tíì fẹnu kò rí lórí ohunkóhun. Bí Ìyá Àgbà bá ní oòrùn mú lónìí, ìyá mi á ní irọ́ ni, ti àná ló mú. Bí Ìyá Àgbà bá ní iyọ̀ ò tó nínú ọbẹ̀, ìyá mi á bu omi sí i. Ràódátù ni Ìyá Àgbà, òun ni ìyáálé. Kàfáyá ni ìyá mi, òun ni ìyàwó. Títí di òní olónìí, "Ìyàwó" náà ni Ìyá Àgbà ń pè é. "Ìyàwó, gbé omi wá." Ìyàwó ọ̀hún á fọwọ́ ti orúnkún, á kérora, á fi Bísímílàì dìde. Ìyàwó tí eyín ẹnu rẹ̀ ò pé mẹ́wàá mọ́.

Èmi Zàlìhà, ọmọ ìyàwó, ni mò ń ròyìn. Niamey ni wọ́n bí mi sí, iléèwé Faransé ni mo lọ, ilé oògùn kan nítòsí ọjà Petit Marché ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti kó padà sọ́dọ̀ wọn, pé kí n lè máa là wọ́n níjà. N ò tíì là wọ́n rí.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni orin. Wákà ni wọ́n ń kọ, bí Ìyá Àgbà ṣe gbé e wá láti Ìlọrin, ṣùgbọ́n igbá ni ìyá mi fi ń lù ú, igbá ńlá tí àwọn obìnrin Zarma, onílẹ̀ ibẹ̀, máa ń dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, tí wọ́n á máa fi igi wẹ́wẹ́ lù. Àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Niamey ní kí ni igbá Zarma ń ṣe lábẹ́ wákà. Àwọn Zarma náà ní kí ni wákà ń ṣe lórí igbá àwọn. Báyìí ni wọ́n ṣe di olórin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò bìkítà fún, tí àwọn díẹ̀ sì fẹ́ràn bí ẹni tí orí ń dà rú.

Bàbá wa Àbdùlláhì, tó ń ta abọ́ ní Ọjà Ńlá, ló fẹ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tó gbé ìyá mi wọlé, gbogbo Zongo ń retí ogun. Ìyá Àgbà wo ìyàwó tuntun láti òkè délẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé o lè gbè?"

Ìyá mi ní òun lè gbè.

"Jókòó."

Ogun náà ò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ìdí àwo ẹ̀wà ni wọ́n ti ń hun orin tuntun. Ìyá Àgbà á máa ṣa òkúta inú ẹ̀wà, á sọ ìlà kan. Ìyá mi á ní kò dùn. Ìyá Àgbà á ní etí ìyá mi ni kò dùn. Wọ́n á bá a bọ̀ títí ẹ̀wà á fi mọ́, ìlà tí wọn ò bá sì tíì rí àléébù rẹ̀ nígbà yẹn ló máa wọ inú orin. Nígbà mìíràn ẹ̀wà á tán, orin ò ní sí. A jẹ ẹ̀wà púpọ̀ nílé yìí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jókòó síwájú àwùjọ, ìjà parí. Ràódátù ni yóò lé, Kàfáyá ni yóò gbè, òfin ìyá mi sì ni pé elégbè kì í tún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lé ṣe. Ohun tó bá jáde lẹ́nu Ràódátù ni Kàfáyá máa gbè, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ àṣìsọ. Níbi ìgbéyàwó kan, Ìyá Àgbà fi orúkọ àbúrò ọkọ ìyàwó pe ọkọ ìyàwó. Ìyá mi mọ̀. Ó gbè é, ó fi igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo èèyàn sì bá wọn gbè é. Ọkọ ìyàwó jẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a délé, ìyá mi fi odidi oṣù kan bá Ìyá Àgbà jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé ni ibi ìjà, ojú agbo ni ibi ègbè. Kò da méjèèjì pọ̀ rí.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe láyé wọn. Lójú páálí rẹ̀, ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, èkejì kọjú sí òsì, nítorí pé wọ́n ti jà lórí gèlè láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Àwọn tó fẹ́ràn wọn gbà pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Àwọn olùfẹ́ wọ̀nyí ló wá sọ ọ́ di orin orí fóònù, lára wọn sì ni àwọn géńdé kan ní àdúgbò Poudrière tí wọ́n jọ máa ń jókòó mu tíì lójú títì, irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní fada níbí. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ìyá mi méjèèjì sára ògiri. Zarma ni wọ́n, Yorùbá kan ò yé wọn, síbẹ̀ kò sí ègbè tí wọn ò mọ̀. Ibi tí àwọn ìyá mi bá ti kọrin, wọ́n á wá, àwọn pẹ̀lú awò dúdú lójú. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbọ́ ẹnà ẹ̀gà á ní ẹ̀gà ń pàtótó. Tiwọn yàtọ̀. Wọn ò gbọ́ ẹnà ẹ̀gà, wọ́n sì ń bá ẹ̀gà pàtótó. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìtumọ̀ ìlà kan tó máa ń pa á lẹ́kún. Mo sọ fún un pé ó ní kí ẹ má fi bàtà tẹ ẹní mi. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Tèmi dùn.

Bí a ṣe ń bá ayé wa lọ nìyẹn kí Ìyá Àgbà tó lọ ra tòmátì ní Petit Marché. Awakọ̀ tákísí kan ló dá a padà wá sílé, kò rí tòmátì rà, ó sì gbá adìẹ kan mọ́ra. A bi í pé níbo ló ti rí adìẹ. Ó ní adìẹ wo. A wádìí káàkiri, kò sẹ́ni tó ní adìẹ sọnù, a pa á jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pè mí. Lẹ́yìn náà ló ń bèèrè ohun tó ti bèèrè. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà pe orúkọ àìsàn náà ní Faransé, mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé ìgbàgbé ni.

"Ìgbàgbé?" ni ìyá mi wí. "Ẹni tí kò tíì gbàgbé pé mo fọ́ àwo òun lọ́dún tí mo bí ẹ? Haba, Zàlìhà!"

Ó dìde, ó lọ bá Ìyá Àgbà nínú yàrá, ó sọ fún un pé òun kọ́ ló fọ́ àwo náà. Ìyá Àgbà ní, "Àwo wo?" Ìyá mi jáde wá, ó jókòó sórí àpótí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun alásàrì.

Ẹnì kan ní Zongo fóònù sí Ìlọrin. Mo mọ ẹni náà, n ò ní dárúkọ rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àbdùlkàdírì, àkọ́bí Ìyá Àgbà, wà ní Ìlọrin, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Nígbà tí ọmọ mi Nùsáybà bímọ fún Tóyìb ọkọ rẹ̀, Àbdùlkàdírì ní òun ń bọ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ó dé, ó kí wa, ó jẹun, ó sì sọ pé òun ti gba àyè méjì nínú bọ́ọ̀sì tí òun máa bá padà ní ọjọ́ Àìkú, òun yóò mú ìyá òun lọ sílé kó lọ sinmi.

Ìyá mi ń bó àlùbọ́sà. Alfa ló ń pe Àbdùlkàdírì, nítorí pé ó bá a nílé, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ.

"Alfa," ló wí, "kí ni wọ́n sọ fún yín?"

"Ìyá Kékeré, wọ́n ní ìyá mi ti ń ṣìnà, wọ́n ní wọn ò mọ ènìyàn mọ́."

"Ta ni wọn ò mọ̀? Lánàá ni wọ́n bú mi. Ẹni tí kò bá mọ ènìyàn, ṣé ó lè bú u báyẹn?"

Àbdùlkàdírì wo ilẹ̀. Ọmọlúwàbí ni, ìyẹn ló mú kó ṣòro láti bá a jà. Mo gbìyànjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ilé tí wọ́n ti gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn lẹ fẹ́ mú wọn kúrò? Quand même, ó ti pọ̀ jù!"

"Zàlìhà, bí wọ́n bá sọ nù sí títì ńkọ́? Bí wọ́n bá bọ́ sódò ńkọ́?"

Adìẹ yẹn ló dá mi lẹ́kun, torí kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń mọ ibi tó ń lọ ló gbé e dé ibi tó ti rí adìẹ.

Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Alfa, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a máa kọrin. Ẹ jókòó níwájú, ẹ gbọ́. Bí ìyáálé mi bá lé orin náà dé òpin láìṣìnà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá ṣìnà, mo máa bá yín di ẹrù wọn."

Àbdùlkàdírì rò ó, ó ní, "Mo gbà."

Bí ìyá mi ṣe fi gbogbo ayé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ sórí ohùn orogún rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ń bó àlùbọ́sà rẹ̀ lọ, ó sì ń sunkún. Ó ní àlùbọ́sà ni.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń kọrin nínú ọgbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí elégbè lè gbà ran ẹni tó ń lé lọ́wọ́ láìtún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe: kó fa ègbè gùn. Bí Ìyá Àgbà bá kí ẹnì kan tán, tí kò mọ ẹni tó kàn, ìyá mi á máa gbè lọ, á máa gbè bọ̀, á wá fi ẹni tó kàn há ìparí ègbè, pé baba ọmọ náà wà ní ìjókòó, pé Tóyìb wé láwàní funfun. Ìyá Àgbà á gbọ́, á gbá a mú, á lé e. Ẹni tó bá ń gbọ́ á rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ látilẹ̀wá nìyẹn. Bí orin bá parí, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà á ní ọjọ́ Jímọ̀ la wà. Ìyá mi á ní, "Irọ́ ni, Ọjọ́bọ̀ ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní bí òun ò bá bá a jà, ó lè máa rò pé òun náà ti kú.

Ilé Nùsáybà ní Poudrière ni a ti sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n pa àgbò, ìmáàmù ṣàdúà, ọmọ jẹ́ Sàlímà. Àwọn géńdé fada ti dé pẹ̀lú awò dúdú wọn. Àbdùlkàdírì jókòó níwájú, ó ń ka tẹ̀súbáà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àga oníke kan wà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Ara Ìyá Àgbà ti gbó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ohùn rẹ̀. Ó gbé e sókè:

*Sàlímà dé o, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀,*
*Àlejò tí kò gbẹ́rù dání.*

Ìyá mi gbè é, igbá dún, fada gbè é. Ó kí Nùsáybà, ó pè é lórúkọ. Mo mí kanlẹ̀. Ìyá mi fa ègbè gùn, ó há láwàní sí i, Ìyá Àgbà gbá a mú, ó kí Tóyìb, àní ó kí àwọn òbí Tóyìb tó wà ní Ìlọrin. Mo wo Àbdùlkàdírì. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí tẹ̀súbáà, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti bọ́, pé Ìyá Àgbà ò lọ síbì kankan mọ́. Ó ku kó ṣàdúà ìparí.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà rí àga oníke yẹn. Ojú rẹ̀ tàn. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọge, ó sì lé e pé:

*Àbdùlláhì ọkọ mi, ẹ kú ìjókòó,*
*Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn,*
*Abọ́ tí ẹ gbé lọ, ṣé ẹ tà á tán?*

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí a ti sin Bàbá wa.

Igbá dákẹ́. N ò gbọ́ kí igbá ìyá mi dákẹ́ láàárín orin rí. Gbogbo àwọn Yorùbá tó wà ní ìjókòó ń wo ilẹ̀. Mo ń wo ẹnu ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bó bá ti "kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ" bọ inú ègbè, orin di àdúà fún òkú, gbogbo ènìyàn á ṣe àmín, Ìyá Àgbà ò ṣìnà mọ́, Àbdùlkàdírì á sì dá wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá mi mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, mo rí i.

Ìyá Àgbà ti yíjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ègbè.

Ìyá mi lu igbá. *Abọ́ tí ẹ gbé lọ, ṣé ẹ tà á tán?*

Àwọn Yorùbá ò gbè. Fada gbè é. Àwọn géńdé wọ̀nyẹn pariwo rẹ̀ títí dé òpópónà, wọ́n ń bi olóògbé pé ṣé ó ta abọ́ rẹ̀ tán. Ọ̀kan nínú wọn rí i pé àga ni gbogbo ènìyàn ń yẹra fún, ó rò pé ó dọ̀tí ni, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ìyá Àgbà bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni yóò jẹ. Ìyá mi gbè é. Ìyá Àgbà ní kó má pẹ́ lọ́jà mọ́, ara ń fẹ́ ìsinmi. Ìyá mi gbè é. Wọ́n kọ ọ́ dé òpin. N ò gbọ́ kí wọ́n kọ wákà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Bí a ṣe wọ tákísí, inú bí mi sí ìyá mi. Ìyá Àgbà ti ń sùn sí èjìká rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan, Màmá! Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ ò sọ! Ẹ̀gbọ́n mi máa mú wọn lọ báyìí!"

"Ó yíjú sí mi, Zàlìhà. Ó ń dúró de ègbè." Ó tún gèlè Ìyá Àgbà tó ń yẹ̀ ṣe. "Ṣé kí n wá fi ègbè túfọ̀ ọkọ fún un ni?"

Nígbà tí a délé, ìyá mi mú àpò jáde bó ṣe ṣèlérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró Ìyá Àgbà. Ó ń ká a, ó ń tú u, ó ní kò gún. Mo gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo di ẹrù náà fúnra mi, mo gbé e lọ fún Àbdùlkàdírì lábẹ́ igi iwájú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrù wọn rèé."

Kò gbà á. "Zàlìhà, wọ́n ṣìnà."

"Wọ́n ṣìnà," ni mo wí. Ta ló máa purọ́ fún alfa.

"Bí wọ́n bá dé Ìlọrin, wọ́n á bèèrè Bàbá. Èmi á ní Bàbá ti kú. Ìyàwó mi á ní Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ mi á sọ ọ́ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún bèèrè. Ojoojúmọ́ la ó máa túfọ̀ fún wọn." Ó fi apá aṣọ nu ojú. "Mo mọ ara mi, n ò lè gbè é. Gbé ẹrù yẹn wọlé."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dá wọ bọ́ọ̀sì. Itan àgbò ìsọmọlórúkọ ló jókòó sórí àyè kejì.

Mo rò pé nǹkan ti padà bọ̀ sípò. Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó pẹ̀lú wọn nínú ọgbà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń retí ohun tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìyá Àgbà gbójú sókè.

"Oòrùn mú lónìí."

"Ó mú, Ìyá," ni ìyá mi wí.

Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀wà ló ń ṣa. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Ìyá Àgbà tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní iyọ̀ ò tó. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ náà, èmi ni mo sè é. Ìyá mi fọwọ́ ti orúnkún, ó kérora, ó fi Bísímílàì dìde, ó lọ bu iyọ̀ wá, ó wọ́n ọn sí i. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, Àbdùlláhì pẹ́ lọ́jà lónìí."

Mo gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Mo fẹ́ kó ní irọ́ ni, ti àná ló pẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n jà. Mo fẹ́ kí gbogbo Zongo gbọ́ ariwo wọn.

"Ó pẹ́," ni ìyá mi wí, ó bu oúnjẹ sínú abọ́ kan, ó sì dé e.